Mo overclock kọ̀ǹpútà mi, kò gbé nǹkan kan wá sójú mọ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Lẹ́tà mẹ́ta la mú lọ́tẹ̀ yìí, orí ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn sì dá lé, ìyẹn overclock, kéèyàn wọ inú BIOS, ibi tí wọ́n ti ń ṣe sẹ́tìn bọ́ọ̀dù kí Windows tó wọlé, kó ní kí prósẹ́sọ̀, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, máa sáré ju bí iléeṣẹ́ tó ṣe é ṣe ní kó máa sáré lọ. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ló le jù, òun la sì máa pẹ́ lórí ẹ̀ jù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mo ń gbé, fídíò ìgbéyàwó ni mo máa ń ṣe. Èmi fúnra mi ni mo to kọ̀ǹpútà mi jọ, Ryzen 5 3600 lórí mọ́dábọ́ọ̀dù B450, RAM 8GB méjì, fáànù tó bá prósẹ́sọ̀ wá nínú páálí ni mo ṣì ń lò. Mo wo fídíò kan tí wọ́n ti ní kí n gbé e sí 4.3 GHz kí n sì fi fóltéèjì sí 1.40, mo wá tan XMP, sẹ́tìn tó ń jẹ́ kí RAM máa sáré iye tí wọ́n kọ sí ara páálí ẹ̀, pọ̀ mọ́ ọn. Ó tàn o, Windows wọlé, inú mi dùn, àfi ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í render iṣẹ́ kan, ìyẹn kí kọ̀ǹpútà sọ ọ́ di fídíò tó parí, tí gbogbo ojú ẹ̀ di búlúù, ó kọ WHEA_UNCORRECTABLE_ERROR, ó pa ara ẹ̀. Mo ronú pé fóltéèjì ni kò tó, mo fi kún un, ó di 1.45. Láti ìgbà yẹn fáànù ń yí, iná ń tàn nínú ẹ̀, àmọ́ monitor dúdú kirimú, iná kékeré kan sì wà lára bọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ DRAM sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ tí kì í kú. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wa ní prósẹ́sọ̀ ti jóná, kí n lọ ra òmíràn. Iṣẹ́ àwọn oníbàárà wà nínú ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Onífídíò, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Fọkàn balẹ̀ àbúrò mi, má tíì ra prósẹ́sọ̀ kankan. Nígbà tí bọ́ọ̀dù bá fẹ́ tàn, ńṣe ló máa ń yẹ nǹkan wò tẹ̀ léra wọn, prósẹ́sọ̀ ló kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò, ó kan RAM, ó kan káàdì àwòrán, kó tó wá kan díìsìkì, ibi tí iná kékeré yẹn bá sì dúró sí ni ìjà wà. Tìẹ dúró sórí DRAM, a jẹ́ pé ó ti kọjá prósẹ́sọ̀, òun àti RAM ni wọ́n jọ ń ṣe gbọ́nmi-sí-i omi-ò-tó-o. Lóòótọ́ inú prósẹ́sọ̀ ni ohun tó ń darí RAM wà, torí náà prósẹ́sọ̀ tí wọ́n ni lára jù lè mú kí iná yẹn tàn, àmọ́ ìwọ fúnra ẹ lo sọ pé ọjọ́ kan náà lo tan XMP tó o tún gbé eré prósẹ́sọ̀ sókè, ìyẹn ló fi jẹ́ pé kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé eléyìí ló fà á tàbí tọ̀hún.

Ohun tó o máa kọ́kọ́ ṣe ni pé kó o jẹ́ kí bọ́ọ̀dù gbàgbé gbogbo ohun tó o sọ fún un. Pa kọ̀ǹpútà, yọ wáyà iná kúrò lára ògiri pátápátá, má kàn pa switch nìkan, kó o wá tẹ bọ́tìnì tó o fi ń tàn án kó o sì dì í mú títí wàá fi ka ení dé ẹẹ́wàá, kí iná tó ṣẹ́ kù sínú bọ́ọ̀dù lè tán. Lẹ́yìn náà wá bátìrì pẹlẹbẹ róbótó kan lára bọ́ọ̀dù, CR2032 ni wọ́n kọ sí i, abẹ́ káàdì àwòrán ló máa ń wà lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù, torí náà ó ṣeé ṣe kó o kọ́kọ́ yọ káàdì yẹn kó o tó rí i. Ìtòsí ẹ̀ ni irin kékeré méjì kan sábà máa ń wà, wọ́n á kọ CLR_CMOS tàbí CLRTC tàbí JBAT1 sí i, fi ẹnu screwdriver kan méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí wáyà iná ṣì wà nílẹ̀ o, má fi í sára ògiri rárá tó o bá ń ṣe é. Tó ò bá rí irin yẹn, yọ bátìrì yẹn, fi í sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó o tó dá a padà. Gbogbo sẹ́tìn tó o ṣe ti lọ nìyẹn, 1.45 ti lọ, XMP ti lọ, ó ti padà sí bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá.

Kó o tó tàn án, yọ RAM méjèèjì, fi ọ̀kan ṣoṣo padà sí ihò kejì téèyàn bá kà á láti ẹ̀gbẹ́ prósẹ́sọ̀, A2 ni wọ́n máa ń pè é, tẹ̀ ẹ́ títí á fi dún kẹ́. Tó o bá sì yọ káàdì àwòrán lẹ́ẹ̀kan, rí i pé o dá a padà dáadáa, wáyà iná tiẹ̀ náà, kó o sì ki wáyà monitor sí ara káàdì yẹn gan-an, má ki í sí ara bọ́ọ̀dù, torí Ryzen 5 3600 kò ní ohun tó ń gbé àwòrán jáde nínú ara ẹ̀, ihò HDMI tó wà lára bọ́ọ̀dù kò lè ṣiṣẹ́ kankan pẹ̀lú ẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ti tún nǹkan ṣe tán tí wọ́n ṣì ń sunkún torí ibi tí wọ́n ki wáyà sí. Wá tàn án báyìí, kó o sì ní sùúrù. Ó lè pa ara ẹ̀ kó tún tan ara ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, ó lè dúdú fún ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, RAM ló ń wọn nígbà yẹn, má fà á tu. Tí RAM àkọ́kọ́ yìí bá kọ̀, gbìyànjú ìkejì nínú ihò kan náà.

Ohun kan wà tí mo bẹ̀ ẹ́ pé kó o má ṣe, má ṣe yọ fáànù prósẹ́sọ̀ láti lọ wo bóyá ó jóná. Lórí bọ́ọ̀dù AM4 bíi tìẹ, ara prósẹ́sọ̀ ni ẹsẹ̀ tín-tìn-tín yẹn wà, 1331 ni wọ́n, paste tó wà láàárín òun àti irin fáànù sì máa ń gan mọ́ra tó bá ti pẹ́, tó o bá wá fa fáànù sókè tagbáratagbára, prósẹ́sọ̀ á bá a jáde látinú ihò ẹ̀ láìjẹ́ pé o ṣí ọwọ́ tó dì í mú, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ á ti wọ́, tí ọ̀kan bá sì kán, nígbà náà ni ọ̀rọ̀ ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò yín á wá ṣẹ. Tó bá di dandan pé kó o yọ ọ́, fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun gbóná sí irin fáànù yẹn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kó o wá yí i sọ́tùn-ún yí i sósì díẹ̀díẹ̀ títí á fi ju ara ẹ̀ sílẹ̀, kó o tó gbé e sókè.

Ká wá sọ ìdí tó fi ṣẹlẹ̀, torí mo mọ̀ pé wàá tún fẹ́ gbìyànjú ẹ̀. WHEA tó o rí yẹn, prósẹ́sọ̀ fúnra ẹ̀ ló ń sọ pé òun rí àṣìṣe nínú iṣẹ́ òun tí òun kò lè tún ṣe, wàá rí àkọsílẹ̀ ẹ̀ nínú Event Viewer tí Windows bá ti wọlé, wá ibi tí wọ́n kọ WHEA-Logger sí, ó máa ń sọ irú àṣìṣe tó jẹ́ àti apá ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Ohun tó máa ń fà á ni pé eré pọ̀ ju fóltéèjì lọ, tàbí pé fóltéèjì tó o kọ sínú BIOS kọ́ ló ń dé ọ̀dọ̀ prósẹ́sọ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, torí ó máa ń já wálẹ̀ díẹ̀ tí gbogbo core, ìyẹn àwọn ọpọlọ kéékèèké tó wà nínú prósẹ́sọ̀, bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀, tàbí pé ooru ti pọ̀ jù. Tìẹ, ooru ni mo fura sí jù, ìwọ sì wá tú epo sí i. Iná tí prósẹ́sọ̀ ń jẹ kì í bá fóltéèjì lọ ní dọ́gbadọ́gba, ńṣe ló ń bá fóltéèjì ní ìlọ́po ara ẹ̀ lọ, tí eré bá dúró síbì kan náà tó o wá gbé fóltéèjì láti 1.20 lọ sí 1.45, iná tó ń jẹ á fi ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, gbogbo iná yẹn ló sì ń di ooru. Fáànù tó bá 3600 wá nínú páálí, Wraith Stealth, iṣẹ́ wọ́ọ̀tì 65 ni wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe é, kò sí bó ṣe máa rù ú.

Ẹni tó o wo fídíò ẹ̀ náà, yàrá wo ló wà? Ìbéèrè yìí ni àwọn èèyàn wa kì í bi ara wọn, ó sì ń dùn mí. Fáànù kò lè mú prósẹ́sọ̀ tutù ju afẹ́fẹ́ tó wà nínú yàrá lọ, gbogbo ooru tí wọ́n bá ní àwọn rí, orí afẹ́fẹ́ yàrá wọn ló jókòó lé. Bí yàrá tiwọn bá jẹ́ 22, tí wọ́n wá rí 80 lórí prósẹ́sọ̀, gbé kọ̀ǹpútà yẹn kan náà wá sínú yàrá Ìbàdàn tó wà ní 33 lọ́sàn-án nígbà tí NẸ́PÀ ti mú iná lọ tí AC kò ṣiṣẹ́, ó ti di 91 nìyẹn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan kan, 95 sì ni òpin tí AMD fún 3600, tó bá ti débẹ̀ ó máa bẹ̀rẹ̀ sí í dín eré kù fúnra ẹ̀. Tún wo eruku ọyẹ́ tó ti di ẹnu irin fáànù. Nọ́ńbà tí wọ́n bá fún ẹ láti ìlú òtútù, dín in kù kó o tó lò ó.

Òótọ́ tí mo tún gbọ́dọ̀ sọ fún ẹ ni pé èrè ibẹ̀ kò pọ̀ mọ́. Láyé àtijọ́, ó pọ̀ gan-an o. Ní 1998 Intel gbé Celeron 300A jáde, 300 MHz ni wọ́n ní kó máa sáré, àwọn èèyàn kàn yí bus ẹ̀, ìyẹn eré ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń sọ di púpọ̀ láti fi rí eré prósẹ́sọ̀, láti 66 sí 100 ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń sáré 450 láìṣe wàhálà, ìdajì eré ni wọ́n rí lọ́fẹ̀ẹ́, ibẹ̀ ni òkìkí overclock ti gbalẹ̀. Àmọ́ lónìí ilé iṣẹ́ fúnra ẹ̀ ti fi gbogbo àyè yẹn ṣe boost, ìyẹn kí prósẹ́sọ̀ máa gbé eré ẹ̀ sókè fúnra ẹ̀, 3600 tìẹ ti lè lọ dé 4.2 fúnra ẹ̀ tí core kan bá ń ṣiṣẹ́, tó o bá sì fọwọ́ gbé gbogbo ẹ̀ sí nọ́ńbà kan, boost yẹn á dáwọ́ dúró. Ká ní gbogbo core ẹ̀ ń sáré 4.0 tẹ́lẹ̀ tó o bá ń render, tó o wá gbé e dé 4.2, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni, iṣẹ́ tó ń gba wákàtí kan á wá gba bí ìṣẹ́jú 57. Ìṣẹ́jú mẹ́ta nìyẹn, fídíò ìyàwó ọlọ́yàyà nìyẹn tó o fẹ́ fi wewu. Tí káàdì àwòrán ẹ bá jẹ́ ti NVIDIA tó ní NVENC, apá kan nínú káàdì tí wọ́n dìídì ṣe fún fídíò, lọ wo ibi tí wọ́n ti ń export nínú sọ́fítíwíà tó o ń lò, kó o ní kí káàdì yẹn máa ṣe é, ìyẹn á gba àkókò sílẹ̀ fún ẹ ju gbogbo overclock tó o lè ṣe lọ.

Tó o bá ṣì fẹ́ ṣe é, kọ́kọ́ ra fáànù tó ju èyí lọ, kó o sì máa yí nǹkan kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. RAM ni kó o kọ́kọ́ ṣe, tan XMP nìkan, jẹ́ kí prósẹ́sọ̀ wà bó ṣe wà, fi MemTest86 sórí flash, kó o jẹ́ kó yẹ RAM wò mọ́jú, tó bá rí àṣìṣe ẹyọ kan péré, RAM yẹn kò yè, gbé eré ẹ̀ wálẹ̀, bíi láti 3200 sí 3000. Tó bá yè, ó wá kan prósẹ́sọ̀. Fi fóltéèjì sí 1.25, fi multiplier, iye ìgbà tí wọ́n fi ń sọ bus di púpọ̀, sí 40, ìyẹn 4.0 GHz torí bus ẹ̀ jẹ́ 100, kó o máa fi 0.25 lé e, MHz 25 ni ìyẹn máa jẹ́ nígbàkigbà. Èmi kò ní kọjá 1.30 lórí prósẹ́sọ̀ irú èyí tó bá jẹ́ pé gbogbo core ló fẹ́ máa ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, torí fóltéèjì tó pọ̀ jù máa ń jẹ prósẹ́sọ̀ run díẹ̀díẹ̀, ohun tó yè lónìí kò ní yè mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣí HWiNFO sílẹ̀ kó o máa wo ooru ẹ̀ nígbà tí Prime95, sọ́fítíwíà tó ń fi ìṣirò dán prósẹ́sọ̀ wò, bá ń ṣiṣẹ́, yan Small FFTs, jẹ́ kó ṣe wákàtí kan ó kéré tán. Prime95 yìí mọ ìdáhùn ìṣirò tó ń ṣe tẹ́lẹ̀, torí náà tí prósẹ́sọ̀ bá ṣì í, á dá iṣẹ́ dúró, á kọ FATAL ERROR: Rounding was 0.5, expected less than 0.4. Tó o bá rí ìlà yẹn, má ronú pé ṣebí Windows kò pa ara ẹ̀, prósẹ́sọ̀ ẹ ti ń ṣìṣirò nìyẹn, ohun tó ń ṣìṣirò lè ba fáìlì oníbàárà jẹ́ láìjẹ́ kó o mọ̀. Ká má fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, kọ̀ǹpútà tó tàn tí Windows sì wọlé kò tíì yege ìdánwò kankan.

Tó o bá ti padà wọ Windows, kó gbogbo iṣẹ́ àwọn oníbàárà ẹ sórí díìsìkì míì kó o tó ṣe ohunkóhun. Lẹ́yìn náà ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator, tẹ sfc /scannow, kó yẹ fáìlì Windows wò, torí kọ̀ǹpútà tó kú lójijì nígbà tó ń kọ nǹkan sílẹ̀ lè ti ba díẹ̀ jẹ́. Ra UPS náà o. Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù ló máa kọ Overclocking failed tí iná bá lọ nígbà tó ń tàn lọ́wọ́, ó rò pé sẹ́tìn ẹ ló pa òun, kò mọ̀ pé NẸ́PÀ ni, àwọn kan á sì tìtorí ẹ̀ dá gbogbo sẹ́tìn padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú ìsọ̀rọ̀sókè o. Abẹ́òkúta ni mo ti ń kọ̀wé, ọmọ mi ọkùnrin wà ní yunifásítì, ó to kọ̀ǹpútà kan jọ sínú yàrá ẹ̀, ó ní òun ń overclock ẹ̀. Mo gbọ́ pé ó máa ń gbóná gan-an. Ṣé kò ní dáná sunlé fún wa báyìí? Ìyá Olóore.

ÌDÁHÙN: Ẹ kúuṣẹ́ mà, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ̀rù tó ń bà yín yìí tọ́, àmọ́ prósẹ́sọ̀ kọ́ ló yẹ kó bà yín lẹ́rù. Ó ní ohun tó ń wo ooru nínú ara ẹ̀, tó bá ti gbóná jù, á dín eré kù, tí ìyẹn kò bá sì ràn án, á pa gbogbo kọ̀ǹpútà náà kí nǹkan tó bàjẹ́. Ibi tí iná ti lè ràn ni power supply tí kò dára, àpótí kékeré tó ń gba iná láti ara ògiri wọlé, àwọn tí wọ́n kọ wọ́ọ̀tì ńlá sí lára tí wọn kò lè gbé ìdajì ẹ̀, ẹ bi í pé irú èwo lòun rà. Ẹ tún wo extension tó ki í sí mà. Tí ẹ bá fọwọ́ kan orí plug lẹ́yìn tó ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan tó sì gbóná, tàbí tí plug ń mì nínú ihò, tàbí tí ẹ rí i pé ibì kan ti dúdú, ẹ sọ ọ́ nù. Kó má ki kọ̀ǹpútà àti sítóòfù oníná àti áyọ̀ọ̀nù sí extension kan náà. Tí ilé yín bá ń rí iná tó ń lọ sókè sódò, stabilizer tó dára kò wọ́n ju kọ̀ǹpútà lọ. Tí ẹ bá sì fẹ́ mọ bóyá ó ń ṣe é dáadáa, ẹ ní kó fi iye ooru tó wà lórí HWiNFO hàn yín lẹ́yìn tó bá ti gbá bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà ẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí, tó bá kọjá 90, ẹ ní kó lọ nu eruku ara fáànù ẹ̀ kó sì dín eré ẹ̀ kù.

ÌBÉÈRÈ: Mo wà ní Peckham. Mo ra Core i5-12400F àti bọ́ọ̀dù B660, mo wá ibi tí wọ́n ti ń yí multiplier sókè nínú BIOS títí, mi ò rí i. Ṣé bọ́ọ̀dù mi ló bàjẹ́? T., London.

ÌDÁHÙN: Kò bàjẹ́ o. Intel ló tì í. Àfi prósẹ́sọ̀ tí K bá wà níparí orúkọ ẹ̀, bíi 12600K tàbí 12600KF, lórí bọ́ọ̀dù tí Z bẹ̀rẹ̀ orúkọ ẹ̀, bíi Z690, ni wọ́n ṣí multiplier fún, tiyín kò ní K, bọ́ọ̀dù yín kì í sì í ṣe Z. Àmọ́ B660 gbà kí ẹ tan XMP, ẹ lọ wo inú BIOS bóyá RAM yín ń sáré iye tí wọ́n kọ sí ara páálí ẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ra 3600 tó sì ń lò ó ní 2666 láti ọjọ́ tó ti rà á. Ẹ tún wo iye wọ́ọ̀tì tí bọ́ọ̀dù gbà kó lò fún ìgbà pípẹ́, PL1 ni wọ́n ń pè é, tó bá wà ní 65 tí fáànù yín sì dára, ẹ lè gbé e sókè, boost ẹ̀ á wá máa pẹ́ lókè sí i tí ẹ bá ń ṣe iṣẹ́ tó gùn. Tí ẹ bá ṣì wà láàárín ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù máa gba ọjà padà tó sì jẹ́ pé overclock gan-an lẹ fẹ́, méjèèjì ni kí ẹ dá padà, torí prósẹ́sọ̀ K lórí B660 kò ní ṣí multiplier fún yín náà.